Ọjọ́ Tí Mo Fi Ooru Ṣe Bàbá Ìyàwó Mi Lálejò

Ọjọ́ kan wà tí mo ti sapá láti gbàgbé, tí kò gbà fún mi. Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú ọyẹ́, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Àkúrẹ́ sì jẹ́ olú-ìlú gbogbo wa. Oníròyìn ni mí nígbà náà fún ìwé ìròyìn kan ní Àkúrẹ́. Ìhà Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi. Bí afárá bá já, èmi ni wọ́n ń rán. Bí àwọn olùkọ́ bá fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, èmi náà ni. Ohun tí wọ́n ń san owó oṣù fún mi lé lórí ni pé kí n máa bi ènìyàn léèrè: ta ni, kí ni, níbo, ìgbà wo, kí ló fà á. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tó ṣe ohun tí mo fẹ́ ròyìn yìí.

Mo fẹ́ fẹ́ Bísí. Olùkọ́ ni Bísí ní Àrámọ̀kọ. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìntì sí Ẹ̀fọ̀n, ọkùnrin gíga kan tó máa ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sójú pátákó. Òun ti fara mọ́ mi. Ìyá Bísí ti kú tipẹ́, ẹ̀gbọ́n Bàbá tó jẹ́ obìnrin, tó ń gbé ní Ìkòrò, ló tọ́ ọmọ náà dàgbà. Yèyé ni gbogbo ẹbí ń pè é. Nínú ẹbí yẹn, wọn kì í dá ọjọ́ ìdána fún ọkùnrin kankan àfi tí àgbà obìnrin ilé bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí i, tó sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Yèyé ni àgbà náà. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kò sì fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́. Bísí ti là á yé mi: "Tí ẹ bá ti rí Yèyé, ohun gbogbo ti parí. Tí ẹ ò bá rí i, kò tíì sí ohun tó bẹ̀rẹ̀."

Sátidé yẹn ni wọ́n dá fún mi, aago mọ́kànlá àárọ̀. Èmi ni màá lọ gbé Bàbá ní Ẹ̀fọ̀n, kí a jọ gba Àrámọ̀kọ àti Ìjerò lọ sí Ìkòrò. Bísí ti ṣáájú wa lọ lọ́jọ́ Ẹtì kó lè gún iyán dè wá.

Mi ò ní ọkọ̀. Píkọ́ọ̀pù ọ́fíìsì ni mo tọrọ. Òyìnbó tó ń ṣe títì ló kọ́kọ́ ní i, ó gbé e wá láti ìlú wọn, ó sì fi í sílẹ̀ nígbà tó ń lọ. Ọkọ̀ náà ti gbó. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ èrò kì í sọ̀ kalẹ̀ mọ́, wọ́n fi pákó kékeré kan há a. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí kò sí nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn ní ọ́fíìsì wa: ọ̀pá kéékèèké mẹ́ta kan wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, àti bọ́tìnnì ńlá kan tí a ń yí, èyí tó ń mú fáànù inú ọkọ̀ ṣiṣẹ́. Mo ti pinnu lọ́kàn ara mi pé éésì nìyẹn, ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn tútù. Mi ò rí ẹni tó tàn án rí. Ràfíù, awakọ̀ wa, ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

"Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí kò ní wàhálà," ó wí. "Àmọ́ àwọn ọ̀pá kéékèèké wọ̀nyí, bí ẹ ṣe bá wọn ni kẹ́ ẹ ṣe fi wọ́n sílẹ̀."

"Mo ti gbọ́," ni mo wí.

Bí olóyè bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún mi lẹ́nu iṣẹ́, màá ti bi í ní ìbéèrè mẹ́fà. Mi ò bi Ràfíù ní ẹyọ kan. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé mo ti fọ́nnu fún Bísí. Mo ti sọ fún un pé inú éésì ni màá gbé bàbá rẹ̀ sí, bí ẹni tó ń gbé gómìnà. Ó ní, "Bàbá kẹ̀? Òtútù kì í jẹ́ kó sùn lásìkò ọyẹ́. Làkúrègbé ń jẹ ẹ́ lórúnkún." Mo mi orí bí ẹni tó ti kọ ọ́ sínú ìwé. Mi ò kọ ọ́ síbì kankan.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ nígbà tí mo dé Ẹ̀fọ̀n. Ọyẹ́ ti bo orí àwọn òkè, ètè gbogbo ènìyàn ti là. Bàbá jáde wá nínú agbádá funfun. Súwẹ́tà wà lábẹ́ agbádá, ìbọ̀sẹ̀ nípọn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bàtà aláwọ̀ dúdú rẹ̀ ń dán. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí òkúta tútù. Èmi náà ti wọ gínnì tuntun tí mo torí ọjọ́ náà rán.

"Ẹ kú ọyẹ́ o, sà."

"Akọ̀ròyìn, o kú àárọ̀. Ọyẹ́ tòní yìí, eegun ló ń bá jà."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Èmi ò gbọ́. Ọkùnrin ń gbọ̀n nínú súwẹ́tà, mo sì ń wá bí màá ṣe fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i lára.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n, mo nawọ́ sí àwọn ọ̀pá náà. Àwọ̀ tí wọ́n kùn sí ẹ̀gbẹ́ òsì ti parẹ́, pupa ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ló kù. Mo ronú bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní ọ́fíìsì wa, olóòtú nìkan ló ń lo yíǹkì pupa, ohun tó bá sì fi pupa sàmì sí ló lágbára jù. Mo ti ọ̀pá àkọ́kọ́ dé ìdí pupa. Mo ti èkejì àti ẹ̀kẹta tẹ̀lé e kí wọ́n má bàa jowú. Mo wá yí fáànù. Ó kùn hùn-ùn, eruku díẹ̀ fẹ́ jáde, atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́wọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ sí wa lẹ́sẹ̀.

Bàbá wo ihò tí atẹ́gùn ti ń jáde. Ó wò mí. Ojú rẹ̀ rọ̀.

"O ṣeun," ó wí. "O ro tèmi."

Mo rò pé ọkọ̀ tí mo wá fi gbé e ló ń dúpẹ́ rẹ̀. Mo ní kò tópẹ́, sà.

Nígbà tí a fi máa dé oríta tó já sí ọ̀nà Àrámọ̀kọ, oòrùn ti là, ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, atẹ́gùn náà kì í ṣe lílọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́. Mo sọ fún ara mi pé éésì tó ti pẹ́ láìṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tu ooru inú rẹ̀ dànù kí òtútù tó dé. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú mi. Mo bá yí fáànù sí i kó lè tètè tu ú tán. Ó tu ú. Ó ṣe mí bí ẹni pé mo gbójú lé ẹnu ààrò tí wọ́n fi ń dín gàrí.

Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tèmi ń ṣiṣẹ́, mo lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń tún ọ̀nà náà ṣe lọ́dún yẹn, eruku pupa sì ń dìde lẹ́yìn gbogbo lọ́rì tó wà níwájú wa. Bàbá nìyí nínú agbádá funfun. Ta ni yóò mú àna rẹ̀ lọ síwájú àgbà ẹbí ní àwọ̀ erùpẹ̀? Mo ti gíláàsì pa mọ́ gbọin.

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti imú mi sórí sitiárín. Mo yọ́jú wo Bàbá. Fìlà rẹ̀ ti rin, omi ń ṣàn láti etí rẹ̀ lọ sínú ọrùn agbádá. Ó jókòó gangan, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ń wo iwájú.

"Ṣé ara yín balẹ̀, sà?"

"Ó balẹ̀ dáadáa. Ìwọ ńkọ́?"

"Dáadáa ni, sà."

A tún rìn díẹ̀.

"Ooru dára fún eegun," Bàbá wí.

Mo rò pé òwe ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà, mo sì ń wá ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́kàn.

Nígbà tó yá, mo rí i pé ó fẹ́ bọ́ súwẹ́tà, ó gbé ọwọ́ sókè, ó wò mí, ó sì gbé ọwọ́ náà padà. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Mo pinnu pé kí n pa éésì yìí, kí n wá irọ́ kan pa. Mo fa ọ̀pá pupa padà. Ó wá wẹ́rẹ́, láìní agbára kankan, bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Wáyà inú rẹ̀ ti já. Mo yí bọ́tìnnì fáànù. Ó yọ sí mi lọ́wọ́, ó bọ́, ó sì yí lọ sábẹ́ àga. Fáànù ń fẹ́ lọ, kò sí ohun tí a lè fi pa á mọ́.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ tí ohun kan ṣe ṣìì lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ní ẹ̀gbẹ́ ti Bàbá. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ó gbé èkejì. Ó wá fi orúnkún méjèèjì kan àyà, bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń jìyà.

"Akọ̀ròyìn," ó wí jẹ́jẹ́, "ṣé omi náà wà nínú rẹ̀?"

Omi gbígbóná ni. Ó ti kún inú bàtà rẹ̀, ó ti wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn. Kí n tó rí ibi páàkì sí, èéfín ti bo gíláàsì, ẹ́ńjìnnì hó, ó sì kú. Ìlogbò ló kú sí, abúlé kan lọ́nà Àrámọ̀kọ, ní nǹkan bí ogún ẹsẹ̀ bàtà sí ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì kan. Ìyẹn nìkan ni oore tí ọjọ́ náà ṣe mí.

Mẹkáníìkì náà jẹ́ ará Ìkìrun tó ti fi Ìlogbò ṣe ilé fún ogún ọdún. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo inú ọkọ̀, ó wo àwa méjèèjì tí a dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú odò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣàìsàn nínú yín?" ó béèrè.

Mo ní kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn.

"Kí lẹ wá tan hítà fún?"

"Hítà wo? Éésì ni."

Ó tún yẹ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wò, bóyá nítorí kó má bàa rẹ́rìn-ín lójú àgbàlagbà. "Ọkọ̀ yìí kò ní éésì rí, àbúrò. Bó bá ní in, ó yẹ kí bẹ́líìtì kan wà níbí, kò sí ibi tí wọ́n lè fi í kọ́ pàápàá. Hítà ni. Omi gbígbóná inú ẹ́ńjìnnì ló ń gba inú rọ́bà méjì yìí wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, fáànù á fẹ́ ooru rẹ̀ sí yín. Àwọn òyìnbó ń lò ó nígbà yìnyín. Wáyà tó ń ti ẹnu rẹ̀ pa ti já, rọ́bà náà sì ti bẹ́. Ní Ìlogbò níbí, ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tí mo rí tó tan hítà."

Mo yíjú sí Bàbá láti ṣàlàyé. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Mo mọ̀ pé hítà ni," ó wí. "Ọdún méjì ni mo lò ní ìlú òyìnbó. Bísí ní òun ti sọ ọ̀rọ̀ orúnkún mi fún ọ. Nígbà tí o tàn án, mo ní ọmọ yìí láàánú. Ṣé mo wá lè sọ pé oore rẹ ti pọ̀ jù?"

"Bàbá, ooru fẹ́ẹ̀ pa mí, sà."

"Ooru náà fẹ́ẹ̀ pa èmi náà."

Mẹkáníìkì kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó jókòó lórí táyà, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń tiro, ó sì ń di ìdí igi mú.

Mẹkáníìkì ní òun yóò gé rọ́bà méjèèjì kúrò lára hítà, òun yóò fi páìpù kékeré kan so wọ́n pọ̀ kí omi má wọ inú ọkọ̀ mọ́. Páìpù náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gun alùpùpù lọ wá a ní Àrámọ̀kọ. Mo bẹ Bàbá pé kó wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Ìkòrò. Ó kọ̀. Ó ní, "A jọ jáde, a ó jọ dé." Agogo mọ́kànlá lù, a wà ní Ìlogbò. Agogo kan lù, a wà níbẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, mo mọ̀ pé arúgbó kan ti wẹ̀, ó ti wọṣọ, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí mi.

Nígbà tí mẹkáníìkì dé, ìtìjú kò jẹ́ kí n dúró lásán. Mo ní kí n bá a di rọ́bà mú. Mo wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó ní kí n má fà á. Mo fà á. Omi tó kù nínú hítà, tó ti dípẹtà láti ọjọ́ tí òyìnbó ti lọ, dà sórí gínnì tuntun mi láti ọrùn dé orúnkún. Nígbà tí mo fò dìde, mo fẹ̀yìn gbá agolo epo dúdú. Mẹkáníìkì wò mí pẹ́. Ó wọlé, ó sì mú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kan jáde, aláwọ̀ búlúù, èyí tó mọ́ díẹ̀.

"Ẹ wọ èyí," ó wí. "Tí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ dá a padà fún mi."

Báyìí ni mo ṣe wọ Ìkòrò ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọkọ ọ̀la, nínú aṣọ mẹkáníìkì tí epo ti lẹ̀ mọ́ láyà. Bísí sáré jáde. Ó rí bàbá rẹ̀ tó ń tiro, kò tilẹ̀ wo ojú mi. Òun àti ọmọ ìyá rẹ̀ kan gbé Bàbá wọlé láti bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èmi nìkan ló kù lẹ́bàá ọkọ̀.

Yèyé wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ ó rí búlúù aṣọ náà, ó sì gbóòórùn epo. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí mi.

"Mẹkáníìkì, máa bọ̀."

Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, má fi epo ba ulé mi jẹ́," ó wí. Bí àwọn àgbà Èkìtì ṣe ń pe ilé nìyẹn. " Ìwọ lo bá wọn tún mọ́tò ṣe?"

Ibí ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Gbólóhùn kan péré ni: Yèyé, èmi ni ọkọ Bísí. Ṣùgbọ́n mo wo aṣọ ọrùn mi. Mo ti pẹ́ ní wákàtí márùn-ún. Mo ti sun àbúrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé kí n kọ́kọ́ wẹ̀, kí n yá agbádá kan, kí n wá jáde sí i bí ènìyàn. Èmi náà kúkú ti di rọ́bà mú, kì í ṣe irọ́ tán.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni mo wí.

"O ṣeun. Ọkọ ọmọ mi dà?"

"Ó ń bọ̀, mà. Ó fẹ́ wẹ̀."

"Ó ti pẹ́ jù. Láti àárọ̀ ni mo ti ń retí rẹ̀." Ó ṣí abọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Uyán rẹ̀ rèé, ó ti tutù. N kò lè gbé uyán tútù fún àna. Ìwọ jẹ ẹ́, ebi á ti pa ọ́."

Mo jókòó sílẹ̀, mo sì jẹ iyán ara mi gẹ́gẹ́ bí mẹkáníìkì, pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ méjì tí wọ́n tọ́jú fún ọkọ. Yèyé ń gbọ́ bí mo ṣe ń jẹun, inú rẹ̀ dùn.

"O ti gbéyàwó?"

"Mo fẹ́ gbé e, mà."

"Ọlọ́run á ṣe é. Mẹkáníìkì, ìwọ àti ọkọ Bísí, ṣé ẹ mọ ara yín?"

"A mọ ara wa díẹ̀, mà."

"Ènìyàn dáadáa ni?"

Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ ìròyìn, wọn ò bi mí ní ìbéèrè tó le tó ìyẹn. Mo ní, "Ó ń gbìyànjú, mà. Ó kàn máa ń ṣe bí ẹni tó mọ ohun tí kò mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn. Bá mi jíṣẹ́ kan fún un. N lè gbàgbé kó tó wẹ̀ tán. Sọ fún un pé nínú ulé tiwa, a kì í sọ pé nǹkan ń dùn wá. Bísí lè fi ebi sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀, kò ní sọ. Bàbá rẹ̀ náà nìyẹn. Kó máa bi í. Kó má kàn wo ojú rẹ̀, kó máa fi ẹnu bi í. O gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Màá sùn díẹ̀. Tó bá wẹ̀ tán, kó jí mi."

Mo wẹ̀. Mo wọ aṣọ tí wọ́n yá mi. Bísí jáde, ó ní, "Ṣé ẹ ti kí Yèyé?" Mo ní ó ń sùn. Ó ní kí n jí i, pé èmi ló ń retí. Mo ní àgbàlagbà ni, kó sinmi. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé yóò dá ohùn mi mọ̀, yóò sì mọ̀ pé ọkọ ọmọ òun jókòó níwájú òun, ó jẹun, ó sì fi ara rẹ̀ pamọ́. Ẹsẹ̀ Bàbá ti lé ròrò, a ní láti gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ìjerò kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo sọ fún Bísí pé màá padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀, nínú aṣọ tó dára, màá sì jókòó ti Yèyé látàárọ̀ dalẹ́. Bísí wò mí, ó sì wọlé lọ mú bàtà bàbá rẹ̀. Mi ò bi í ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ránṣẹ́ sí mi ní Àkúrẹ́. Yèyé ti sùn, kò jí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ wa. Àgbà ọkùnrin kan ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ wa, a ò kórìíra rẹ. Ṣùgbọ́n Yèyé kò rí ọ. Wọ́n bi í lọ́jọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé, 'N kò rí ọkọ. Mẹkáníìkì rẹ̀ ni mo rí. Ọmọ gidi ni.' Kí la fẹ́ ṣe sí i?"

Mo wo Bàbá. Ó wo ilẹ̀. Mo bá kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láti orí ọ̀pá pupa títí dé iyán tútù. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan pamọ́, mo tún sọ iṣẹ́ tó rán mi bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ni arúgbó kan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ilé sì gbà á. Àgbà ọkùnrin náà nu ojú rẹ̀. Ó ní Yèyé ti rí ẹni tó yẹ kó rí, ó ti sọ pé ọmọ gidi ni, nítorí náà mẹkáníìkì ni ẹbí fi ọmọ fún, kí oníròyìn lọ wá tirẹ̀ níbòmíràn.

Bísí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a jáde, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó lọ láìmọ̀ pé òun ti rí yín."

A ṣègbéyàwó. Bàbá wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àpá ooru wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá mi lẹ́bi lórí rẹ̀. Ohun tí mo kọ́ kò ju èyí lọ: ọ̀wọ̀ tí kò bá béèrè nǹkan lè jó ènìyàn lẹ́sẹ̀, ìtìjú sì lè gba ohun tí a ò ní rí gbà mọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ká ní mo bi Ràfíù pé "kí ló dé?", ká ní mo sọ fún Yèyé pé "èmi ni", arúgbó yẹn ì bá ti mọ ẹni tó ń jẹ iyán rẹ̀.

Iṣẹ́ tí Yèyé rán mi, mo ń jẹ́ ẹ. Lálaalẹ́ ni mo ń bi Bísí: ṣé ebi ń pa ọ́, ṣé ara ń ro ọ́, ṣé ohun kan ń dùn ọ́? Nígbà mìíràn ó máa ń dá mi lóhùn. Nígbà mìíràn ó máa ń gbé ojú sókè nínú ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń máàkì, á ní, "Mẹkáníìkì, ta ló rán yín?" Mo máa ń dárúkọ ẹni tó rán mi. A ó rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í pẹ́.